Ìgbọ̀n Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: Bí A Ṣe Wá Mọ Ohun Tí Ó Ń Fà Á

  

Ọ̀rọ̀ tí a kó wá fún yín nínú ìwé yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti irúgbìn tuntun. Ìtàn àìsàn kan ni. Àìsàn náà kò wọ́pọ̀ káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa níhìn-ín mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó mú un wọ ètò àgbẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn nìkan kọ́ ni a ti rí ìdí rẹ̀. Inú igbó àti inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ó wà. Láti ìgbà tí àwọn dókítà kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ní 1958 títí di ìgbà tí a tọ́ka sí ohun tí ó ń fà á ní 1993, ọdún márùndínlógójì ni. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ ìtàn náà, nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní aláìsàn nílé tí a kò tíì mọ ohun tí ń ṣe é.

Bí àìsàn náà ṣe ń mú ènìyàn

Ìgbà òjò ni ó máa ń yọjú, pàápàá láti oṣù keje títí dé oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀yin náà mọ bí àsìkò yẹn ṣe rí. Iṣu èṣín ti tán nínú abà, iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà, owó rẹ̀ sì ga. Ẹ̀bà, láfún àti fùfú ni ọ̀pọ̀ ilé tálákà fi ń gbá a mú. Ẹran wọ́n, ẹja wọ́n, ohun tí ọwọ́ bá bà nínú igbó ni a ń sọ sínú ọbẹ̀.

Ẹni tí kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ yóò jẹun tán. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, inú rẹ̀ á rú, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Lẹ́yìn èébì, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n: orí, apá, ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ dìde, kò ní lè dúró déédéé. Á ya ẹsẹ̀ gbàgà, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ẹmu ń pa. Nínú àwọn mìíràn, iyè á ra, wọn kò ní mọ ẹni tí ó dúró tì wọ́n mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ bi ara yín léèrè: bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé, kí ni àwọn ènìyàn yóò kọ́kọ́ sọ? Àwọn kan á ní ó mutí. Àwọn kan á ní ayé ni. Èyí tí ó burú jù ni kí wọ́n ní májèlé ni, nítorí ẹ̀yìn oúnjẹ ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ta sì ni ó se oúnjẹ? Ìyàwó ilé ni, tàbí ìyá ọkọ, tàbí orogún. Àìsàn tí kò ní orúkọ kì í pa ẹni tí ó mú nìkan lára. A máa ba ilé jẹ́ pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí mímọ ohun tí ń ṣe aláìsàn fi jẹ́ ìdajì ìwòsàn, kódà kí oògùn tó dé.

Orúkọ àkọ́kọ́: 1958

Ní ìlú Iléṣà, ilé ìwòsàn Wesley Guild wà níbẹ̀, èyí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni dókítà òyìnbó kan, David Morley, ti ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lè rántí orúkọ yìí, nítorí òun ni ó gbé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kalẹ̀ ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé, pẹ̀lú káàdì tí a fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ sílẹ̀ bí ó ṣe ń dàgbà. Ní 1958, òun àti dókítà kan tí ń jẹ́ Wright kọ nípa àìsàn gbígbọ̀n yìí sínú The Lancet, ìwé àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Orúkọ tí wọ́n fún un ni encephalitic tremor. Bí a bá tú u sí èdè wa, a ó ní àìsàn inú ọpọlọ tí ń mú ara gbọ̀n. Láàárín ara wọn, àwọn dókítà a máa pè é ní Ijesha shakes, ìyẹn ìgbọ̀n Ìjẹ̀ṣà.

Orúkọ náà dára, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ohun tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ní ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú orúkọ tí ó jẹ́. Ohun tí ojú rí ni ó sọ, kò sọ ohun tí ó fà á. Ó dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá tọ̀ wá wá ní ọ́fíìsì, tí ó ní, "Ọ̀gá, àìsàn ewé pípọ́n ń bá àgbàdo mi jà." Òótọ́ ni, ewé pọ́n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ ti tán lè mú ewé pọ́n. Omi tí ó dá rógún sí ẹsẹ̀ ewéko lè mú ewé pọ́n. Kòkòrò náà lè ṣe é. Bí a kò bá mọ èyí tí ó jẹ́, ajílẹ̀ tí a dà sí i lè jẹ́ owó tí a dà sómi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun: 1972

Ẹni kejì tí ìtàn yìí kò lè fò ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì. Iṣan àti ọpọlọ ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, tí gbogbo wa mọ̀ sí UCH, sì ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó kú ní 1995, ṣùgbọ́n títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ nípa àìsàn iṣan ní ilẹ̀ Nàìjíríà kò lè ṣe kí ó má dárúkọ rẹ̀.

Ní ìgbà tí ó fi kọ nípa ìgbọ̀n yìí sínú ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1972, ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí àìsàn mìíràn tí ó jọ ọ́ díẹ̀. Àìsàn yẹn, ní àwọn ibi bí i Ẹ̀pẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé sí àwọn àgbà lára. Àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ta wọ́n bí iná, ojú á máa ṣe bàìbàì, etí á máa di, ẹsẹ̀ kò ní mọ ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ mọ́. Ní 1968, Ọ̀ṣúntókun tẹ ìwádìí ńlá kan jáde lórí rẹ̀, ó sì tọ́ka sí oró tí ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti bá a jiyàn lórí bí oró ẹ̀gẹ́ ṣe jẹ́ okùnfà tó, ìwádìí sì ń lọ. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni ọ̀nà tí ó là: ó kọ́ àwọn dókítà pé bí iṣan ènìyàn bá ń bàjẹ́, ẹ wo ohun tí ó wà nínú àwo oúnjẹ rẹ̀.

Nígbà náà, kí ló dé tí a kò lè di ẹrù ìgbọ̀n Ìjẹ̀ṣà náà ru ẹ̀gẹ́? Ẹ̀yin àgbẹ̀ lè dáhùn èyí fúnra yín. Gàárì kì í ní àsìkò. A ń jẹ ẹ́ ní ọyẹ́, a ń jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn, a ń jẹ ẹ́ nínú òjò. Àìsàn tí ó ń wá ní ìgbà òjò, tí ó sì ń lọ bí òjò bá dáwọ́ dúró, ohun tí ó ń fà á gbọ́dọ̀ ní àsìkò bákan náà. Bí àgbẹ̀ bá rí i pé ìgbà kan pàtó ni ohun kan ń jẹ ẹ̀wà òun, kòkòrò tí ó ń jáde ní ìgbà yẹn ni yóò máa wá, kì í ṣe èyí tí ó wà níbẹ̀ tọdúntọdún.

Ọ̀ṣúntókun pe àìsàn náà ní àjàkálẹ̀, ìyẹn ni pé ó rí i pé ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ kejì nìyẹn. Òun náà, ohun tí ojú rí ni.

Ìbéèrè tí ó tú u: 1993

Lẹ́yìn ogún ọdún ó lé ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà padà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní àsìkò yìí, ilé ìwòsàn Wesley Guild ti di ara àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ fi ń kọ́ àwọn dókítà. Dókítà Bọ́lá Adámọ́lẹ́kún ni ó gba iṣẹ́ náà kanrí. Ní 1993, ó kọ lẹ́tà sínú The Lancet, ìwé kan náà tí Wright àti Morley kọ sí ní 1958. Nínú rẹ̀, ó so àìsàn náà mọ́ ohun kan tí àwọn aláìsàn ń jẹ: kòkòrò sányán.

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀bá igbó mọ kòkòrò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Anaphe venata. Labalábá òru kan ni ó ń yé ẹyin sórí igi. Arère wà lára igi tí ó fẹ́ràn jù. Ẹyin á pa, ìdin onírun á jáde, wọ́n á máa jẹ ewé ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Bí wọ́n bá dàgbà tó, wọ́n á tẹ̀ lé ara wọn bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, wọ́n á sì jọ hun ilé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn yóò wọ̀. Ilé yẹn, ti òun àti ti àwọn ẹbí rẹ̀, ni àwọn ìyá wa ń kó láti inú igbó, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń ran di òwú, tí a fi ń hun aṣọ sányán tí àwọn baba wa ń pè ní baba aṣọ.

Nítorí náà, kòkòrò yìí kì í ṣe àjèjì, kì í sì í ṣe ọ̀tá. Ó fi aṣọ bò wá, ó sì tún jẹ́ ẹran fún ẹni tí kò ní owó ẹran. Ìgbà òjò ni ìdin rẹ̀ máa ń pọ̀, àwọn ènìyàn á kó o, wọ́n á yan án, wọ́n á fi jẹ ẹ̀bà tàbí láfún. Adámọ́lẹ́kún gbé àsìkò kòkòrò sí ẹ̀gbẹ́ àsìkò àìsàn, méjèèjì sì ṣe wẹ́kú.

Ẹ kíyè sí i pé ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Àgbẹ̀ mọ ìgbà tí kòkòrò yẹn ń jáde. Ìyàwó ilé mọ ọjọ́ tí òun yan án. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn, ohun tí wọ́n bá bi í ni yóò dáhùn. Bí wọ́n bá ní, "Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀?" á ní àná. Bí wọ́n bá ní, "Ṣé ó ní ibà?" á ní rárá. Bí wọn kò bá bi í pé, "Kí ni ó jẹ?" ta ni yóò ronú láti dárúkọ kòkòrò tí gbogbo ilé jọ jẹ? Ojú á sì tún máa ti ẹlòmíràn láti sọ níwájú dókítà pé kòkòrò ni òun fi jẹun, kí wọ́n má baà wo òun bí ẹni tí ebi ń pa.

Àyẹ̀wò bí ti oko: 1994

Títọ́ka sí nǹkan kò tó. Ẹnikẹ́ni lè ní àgbàdo òun ṣe dáadáa nítorí òun gbàdúrà, ẹlòmíràn á ní ajílẹ̀ ni. Báwo ni a ṣe ń mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wa ṣe oko àyẹ̀wò mọ̀ ọ́n: a ó pín ilẹ̀ kan náà sí méjì, a ó gbin irúgbìn kan náà ní ọjọ́ kan náà, a ó fi ajílẹ̀ sí apá kan, a ò ní fi sí èkejì. Nígbà ìkórè, ojú á rí.

Ohun tí Adámọ́lẹ́kún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nìyẹn. Èrò wọn ni pé fítámì B1, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ thiamine, ni ó tán lára àwọn aláìsàn. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gba fítámì náà, àwọn yòókù gba ohun tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun gbà. Ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò kò mọ̀ ọ́n, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀, àwọn tí ó gba fítámì B1 ni ara wọn yá ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n tẹ àbájáde náà jáde ní 1994. Ní ọdún kan náà, ìròyìn mìíràn jáde lórí bí àìsàn náà ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́, èyí tí ó fi hàn pé ìgbọ̀n Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe ti Ìjẹ̀ṣà nìkan.

Ohun tí fítámì B1 ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ wà, dísù wà nínú rẹ̀, ẹ̀gẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bẹ́líìtì bá já, ẹ̀rọ á kàn máa pariwo lásán, ẹ̀gẹ́ kò ní di nǹkan kan. Fítámì B1 ni bẹ́líìtì yẹn nínú ara wa. Òun ni ó ń jẹ́ kí ara lè sọ ẹ̀bà àti iyán di agbára. Ọpọlọ kò sì lè dúró pẹ́ láìrí agbára. Ìdí nìyẹn tí òun fi kọ́kọ́ ń ṣubú. Bí oúnjẹ oníṣitáàṣì bá ṣe pọ̀ tó ni fítámì náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Èyí tí ara lè tọ́jú pamọ́ kò ju ti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ.

Ní ọ̀nà jíjìn ni ayé ti kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ẹran ọ̀sìn ni ó sì kọ́ wa. Ní erékùṣù Java, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Indonesia lónìí, àwọn adìyẹ dókítà Christiaan Eijkman, ará Hóláńdì, ń rọ lẹ́sẹ̀ ní àwọn ọdún 1890. Ó rí i pé ìrẹsì tí a ti bó funfun ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí wọ́n padà sí ìrẹsì tí èèpo rẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n dìde. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yẹn ní 1929. Inú èèpo náà ni fítámì B1 wà.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti Amẹ́ríkà. Ní 1932, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ẹnì kan ń sìn nítorí awọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, wọ́n sì ń kú. Ẹja tútù ni ó ń fún wọn jẹ. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ rí i pé ohun kan wà nínú àwọn ẹja kan tí ó ń gé fítámì B1 sí wẹ́wẹ́ kí ara tó lè lò ó. Wọ́n pè é ní thiaminase. Bí a bá se ẹja náà, iná á pa á, wàhálà tán.

Ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ìdè ìkẹyìn: 2000

Bí àìsàn náà bá jẹ́ àìtó fítámì B1, kí ni kòkòrò sányán wá ń ṣe nínú rẹ̀? Ní 2000, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Japan, tí Nishimune ṣáájú wọn, tẹ èsì jáde. Wọ́n yẹ kòkòrò Anaphe wò, wọ́n sì bá thiaminase nínú rẹ̀. Ohun tí ó ń ba fítámì jẹ́ nínú ẹja àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní Minnesota, irú rẹ̀ ni ó wà nínú kòkòrò tí a ń yan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ṣùgbọ́n èyí ti kòkòrò sányán le ju ti ẹja lọ. Ooru kì í tètè pa á. Kódà, ìgbà tí ooru bá dé ìwọ̀n 70 ni ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù, nígbà tí omi ń hó ní 100. Ẹ wò ó bí ó ṣe rí: iná fẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi yan kòkòrò, tí irun rẹ̀ jó, tí èèpo rẹ̀ pọ́n, tí inú rẹ̀ sì kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò lè pa oró náà. Àwọn onímọ̀ náà kò ní kí a má jẹ kòkòrò mọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ooru wọ̀ ọ́ dáadáa, nígbà náà ni yóò jẹ́ oúnjẹ aṣaralóore tí kò ní ewu.

Báyìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe so pọ̀. Oúnjẹ oníṣitáàṣì ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, tí fítámì B1 rẹ̀ kò tó. Lẹ́yìn náà, kòkòrò tí ń gé ìwọ̀nba èyí tí ó kù. Lẹ́yìn náà, àwo ẹ̀bà ńlá kan tí ó béèrè fún bẹ́líìtì tí kò sí. Ìgbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe májèlé ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe àfọwọ́fà ìyàwó ilé. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀wà àti ẹran déédéé lè jẹ kòkòrò kan náà kí nǹkan kan má ṣe é. Ẹni tí ẹ̀bà nìkan ni ó ní ni ó ń ṣubú. Ìdí nìyẹn tí inú agbo ilé kan náà fi lè jọ jẹun, kí ó sì jẹ́ ẹnì kan ni àìsàn mú.

Ohun tí ó yẹ kí a mú lò

Èkíní, bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò lè dúró déédéé lẹ́yìn oúnjẹ ní ìgbà òjò, ẹ má dúró wo ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Fítámì B1 kì í ṣe oògùn olówó gọbọi, ṣùgbọ́n ìgbà ni ó ń wò: bí a bá fi falẹ̀, ìbàjẹ́ lè kù sínú ọpọlọ.

Èkejì, ẹ sọ ohun tí aláìsàn jẹ, kódà bí wọn kò bá bi yín. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá: oúnjẹ, kòkòrò, ewé, àgbo, ohun mímu. Kí ojú má ṣe tì yín. Dókítà tí kò bá gbọ́ ti kòkòrò lè máa wá ibà kiri nígbà tí àìsàn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ sọ ìgbà tí ó ń wá. Bí àìsàn kan bá ń padà wá ní oṣù kan náà lọ́dọọdún, tàbí tí ó ń tẹ̀ lé iṣẹ́ kan bí i fífọ́n oògùn apakòkòrò, ẹ sọ ọ́. Àgbẹ̀ ni ó mọ àsìkò ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń jẹ kòkòrò sányán, ẹ má fi yíyan fẹ́ẹ́rẹ́ mọ. Ẹ sè é nínú omi tí ń hó kùtùkùtù títí yóò fi jinná délé, kí ẹ tó dín in tàbí kí ẹ tó yan án. Ẹ má sì jẹ́ kí ó jẹ́ òun àti ẹ̀bà nìkan ní ojoojúmọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà sí oúnjẹ ilé, pàápàá ní oṣù tí ẹran wọ́n. Fítámì B1 wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún kán-ún tí a ń jù sínú ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀: kán-ún ń ba fítámì B1 jẹ́. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi tẹ́lẹ̀ dípò kán-ún. Omi tí ẹ fi sè é, ẹ má dà á nù, nítorí fítámì náà ń yòrò sínú omi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó bá lè ra ẹ̀wà pọ̀ ní ìgbà tí ó bá pọ̀ lọ́jà, kí ó sì pín in fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní oṣù keje, iṣẹ́ ìlera ni ó ń ṣe.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má fi ìwé yìí ṣe dókítà. Kì í ṣe gbogbo ìgbọ̀n ni ìgbọ̀n Ìjẹ̀ṣà. Ọwọ́ àgbàlagbà tí ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún ní ìdí tirẹ̀. Ọmọdé tí gìrì mú ní ìdí tirẹ̀. Kí ẹ gbé wọn lọ síbi tí wọn yóò ti yẹ̀ wọ́n wò.

Èkeje ni ti ẹnu wa. Bí àìsàn tí a kò mọ̀ bá wọ ilé, kí a pa ẹnu mọ́ ná lórí ẹni tí ó se oúnjẹ. Fún ọdún márùndínlógójì, àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ní ẹ̀rọ àti ìwé ń wá ìdí ìgbọ̀n yìí. Bí ó bá gba irú wọn tó ọdún bẹ́ẹ̀, báwo ni aládùúgbò ṣe lè mọ̀ ọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan? Obìnrin tí wọ́n bá lé jáde nílé nítorí májèlé tí kò sí, ta ni yóò padà lọ bẹ̀ ẹ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò lè kà ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Ẹ bi àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀ bóyá wọ́n mọ irú àìsàn yìí, kí ẹ sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń se kòkòrò náà nígbà ayé tiwọn. Ohun tí ẹ bá gbọ́, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè yín. Ó lè jẹ́ òun gan-an ni ó ń wá.